Ìbídùn tí mo ní kí ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní ilé-ìwé, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ilé-Ifẹ̀ fún yín. Mo ní ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ óò rí i pé èmi gan-an ni mo ṣe é.

Ní àwọn ọdún 1990, èmi ni olùkọ́ tí ó ń bójú tó ikọ̀ àwọn obìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nínú ìlú. Àwọn tí ó kọ́ mi níwèé kì í gba gbẹ̀rẹ́, èmi náà kì í gbà á. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú kan yóò sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá kò gbọdọ̀ bá wa gbá ìdíje, ìbáà ṣe orí fífọ́ lásán. Ẹni tí kò bá sì kúnlẹ̀ kí mi, kí ó má wulẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá ni wá, àbí kí la jẹ́?

Gbogbo èèyàn a máa yin àwọn márùn-ún tí ó ń bẹ̀rẹ̀ eré. Èmi mọ̀ pé orí bẹ́ńṣì ni agbára mi wà. Mo ní ọmọ mẹ́ta níbẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ìbá fi ṣe olórí ikọ̀, èyí tí ó sì dára jù nínú wọn ni Ìbídùn, ọmọ àdúgbò Òkèrèwè. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ti jókòó, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àwọn alátakò. Kí ìdajì eré tó pé, yóò ti sọ ọ́ sí mi létí pé, "Mà, ẹ wo nọ́ńbà méje yẹn, kò lè fi ọwọ́ òsì lu bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ jẹ́ ká máa tì í síbẹ̀." Bí mo bá wá rán an wọlé, ó ti tán fún wọn nìyẹn!

Ṣé mo jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ eré rí? N kò jẹ́. Mo fẹ́ràn kí ó ti rẹ àwọn alátakò kí n tó tú u sílẹ̀ sí wọn. Ìyá Bẹ́ńṣì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Yétúndé, olórí ikọ̀, a máa ní kí ó bá wọn tọ́jú bẹ́ńṣì náà dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni yóò bímọ sí. Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín.

Ní sáà kan, ìròyìn dé pé àwọn ọkùnrin méjì ń bọ̀ wá wo eré wa, láti yan ọmọbìnrin kan ṣoṣo sínú ikọ̀ ìpínlẹ̀. Ọdún tí Ìbídùn yóò jáde nìyẹn. Kò tún sí ọdún mìíràn fún un mọ́.

Nígbà tí eré náà ku ọjọ́ mẹ́ta, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó di ara ilẹ̀kùn mú, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Lórí ìdúró! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n fi òun kún àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí àwọn ọkùnrin náà lè rí òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí ó mọ́gbọ́n dání ni. N kò gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí ó nà gbọọrọ nínú ṣòkòtò gígùn ìgbáradì ni mò ń wò.

Mo bi í pé, "Ìbídùn, ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?"

"Rárá o, mà. Ẹ má bínú, mà."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín?"

Ó wo ilẹ̀, omi lé sí i lójú, kò sì kúnlẹ̀. Mo ní kí ó kúrò níwájú mi.

Ọjọ́ eré pé. Oòrùn ń ta lórí pápá kọnkéré. Bí Ìbídùn ṣe fẹ́ jókòó sí ààyè rẹ̀, mo ní kí ó dìde. Mo sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni bẹ́ńṣì mi wà fún, nítorí náà, kí ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí n óò fi pè é.

Ó wo ojú mi. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó rọra gbé orúnkún kan kalẹ̀, lẹ́yìn náà, èkejì. Mo ní kí ó yéé ṣe bí arúgbó.

Yétúndé pariwo pé, "Ìyá Bẹ́ńṣì, bẹ́ńṣì gan-an ti lé ẹ!" Ẹ̀rín sọ. Àwọn òǹwòran tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà bá wọn rín in.

Odindi ìdajì àkọ́kọ́ ni ó fi wà lórí ìkúnlẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀. Àbí ẹ rò pé ó dákẹ́? Láti ilẹ̀ tí ó wà, ó ń ké sí àwọn tí ó fi í ṣẹ̀sín: "Yétúndé, ó ti rẹ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ o, gba ẹ̀yìn rẹ̀!" Gbogbo ohun tí ó sọ ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, àmì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń nà wá. Mo ní kí ó dìde. Bẹ́ńṣì ni ó dì mú kí ó tó lè nàró.

Ó wọlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò rí irú rẹ̀ rí! Láti orí ìkúnlẹ̀ ni ó ti rí i pé nọ́ńbà mẹ́rin wọn máa ń wo ẹni tí ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí kí ó tó jù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ni ó já a gbà. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí fèrè ìparí dún, ó fò sókè, ó sọ bọ́ọ̀lù náà sínú apẹ̀rẹ̀, àmì kan ṣoṣo ni a sì fi borí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó fi balẹ̀. Ó ṣubú jókòó, kò sì dìde mọ́. Àwọn yòókù ń jó yí i ká, wọ́n rò pé ó ń sinmi ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà mú ìwé àti bírò wá bá mi. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn? Òun la fẹ́."

Ìbídùn ni nọ́ńbà mọ́kànlá. Inú tí mo bí ní ọ́fíìsì kò tíì rọ̀. Mo dáhùn pé ará bẹ́ńṣì lásán ni, pé kò lẹ́kọ̀ọ́, pé apá wọn kò ní ká a. Mo nawọ́ sí Yétúndé. Orúkọ Yétúndé ni ó kọ sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìbídùn, wọ́n ti ká ṣòkòtò gígùn rẹ̀ sókè. Báńdéèjì ni a bá níbẹ̀. Orúnkún náà ti wú tó orí ọmọ tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́wọ́ pé Ìbídùn ti ṣubú níbi ìgbáradì láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún mi, torí ó mọ òfin mi, ó mọ̀ pé n óò yọ ọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀!

Mọ́tò àwọn ọkùnrin náà ṣì wà lábẹ́ igi. Mo rí i. Mo lè ké, mo lè rán ẹnì kan sí wọn. Ṣùgbọ́n ṣé kí n wá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lójú àwọn ọmọ? Mo dúró títí eruku mọ́tò náà fi rọlẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo pàdé rẹ̀ ní Sábó, níbi tí mo ti ń ra ẹ̀wà. Ó ti di olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́, ó ń gbé e bí igi. Ó kí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, mi ò lè kúnlẹ̀." Mo ní kò burú. Kò burú! Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Ó wá ní, "Mà, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi yín. Àwọn ọkùnrin ọjọ́sí, ṣé wọ́n tiẹ̀ bèèrè mi?"

Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Rárá o, Ìbídùn. Wọn ò bèèrè."

"Mo mọ̀, mà. Mo kàn ní kí n bi yín ni." Ó sì bá mi gbé ẹ̀wà mi dé ẹ̀gbẹ́ títì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Kí ẹ tó bínú sí ọmọ tí kò kúnlẹ̀, ẹ bi í bóyá orúnkún ń dùn ún. Bí ẹ bá sì ti ṣìwà hù, ẹ sáré bá mọ́tò náà kí ó tó lọ. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi sórí bẹ́ńṣì rí, àti ẹ̀yin tí ẹ fi ẹlòmíràn síbẹ̀, ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí mi, ẹ má fi nǹkan kan bò. N óò kà á.

Ìwọ Ìbídùn, bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́: wọ́n bèèrè. Ìwọ nìkan ni wọ́n bèèrè.