Kinue, Alásè Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kì Í Gbélé

Owó ẹja ni wọ́n fi tọ́ Kinue Hatanaka dàgbà. Etíkun Yaizu ni bàbá rẹ̀ ti ń yan ẹja gbẹ, èéfín ilé wọn sì ti wọ aṣọ àti irun àwọn ọmọ débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì á máa yínmú sí wọn. Bí Kinue ṣe parí ìwé mẹ́wàá báyìí ló gbéra. Ó ta bàtà ní Nagoya, ó ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Osaka, ó fọ aṣọ ibùsùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kobe. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé, "Ọmọ yìí, bí wọ́n bá sin ọ́ pàápàá, wàá dìde lọ wá sàréè mìíràn."

Ní Kobe ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Èéyún náà mú un láti ọrùn dé ẹsẹ̀, awọ ara rẹ̀ ń bó, gbogbo ìpara tó rà kò ràn án. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú un wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní Kyoto, nílé oúnjẹ Bàbá Magoshi. Oúnjẹ ẹ̀mí gígùn là ń sè níbẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní makirobáyótíìkì: ìrẹsì pupa tí a kò bó, ọbẹ̀ míso tí a fi ẹ̀wà sóyà kíkan sè, ewéko òkun, gbòǹgbò oko tí a fi òróró yànmọ̀tí dín. A kì í fi ẹran sí i, a kì í fi ẹja, ṣúgà tàbí mílíìkì sí i. Kinue ń wá jẹ ẹ́ léraléra, nígbà tí òtútù ọdún náà yóò sì fi kásẹ̀ nílẹ̀, ara rẹ̀ ti dán bíi ti ọmọ tuntun. Ó fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó wá bẹ Bàbá pé kó gba òun sí ilé ìdáná.

Mo wà níbẹ̀, mo ń ṣan ìrẹsì.

"Kí lo mọ̀ ọ́n sè?" Bàbá bi í.

"Ẹja ni, Bàbá."

"Gbàgbé ìyẹn. Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi gbígbóná."

Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè bóyá òun ló wà nídìí ààrò kí wọ́n tó jókòó. Bàbá ní kó máa kọ́ àwọn obìnrin tó ń wá kọ́ oúnjẹ sísè, kó sì máa fi awọ ara rẹ̀ jẹ́rìí. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi wa, á wọ ọkọ̀ ojú irin tó bá kọ́kọ́ dé, á lọ dé ibi tí ọ̀nà bá pin sí, á sì padà.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Kinue, kí ló ń lé ọ?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Setsu, bí mo bá mọ̀ ọ́n, ǹ bá dúró kó bá mi."

Ìgbà yẹn ni Fumino Tsukuda dé, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin nílé ìwé. Kókó wà nínú ọmú rẹ̀. Àwọn dókítà ní jẹjẹrẹ ni, kó jẹ́ kí àwọn tètè gé e, àmọ́ abẹ́ ọ̀bẹ ni ìyá rẹ̀ kú sí, ẹ̀rù ń bà á. Bàbá Magoshi sọ fún un pé, "Ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ kì í gba kókó láàyè. Ẹran ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé." Ó ní kí Kinue máa se oúnjẹ fún un. Fumino ń jẹ, ó ń rù, gbogbo ayé ń kí i kú oríire pé ara rẹ̀ fúyẹ́. Kinue nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bá Fumino wọ ẹ̀wù òtútù, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó mìíràn lábẹ́ apá obìnrin náà. Ó dúró.

"Èyí ńkọ́, mà? Ìgbà wo lèyí dé?"

"Bàbá ní oró ara ló ń jáde."

Kinue lọ bá Bàbá níbi tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn lójú gbogbo wa. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ gé e."

"Ṣé kì í ṣe ara tìrẹ lo fi rí i ni?"

"Èéyún ni tèmi. Jẹjẹrẹ ni tiwọn."

"Ìwọ tí o gbé òórùn ẹja wá bá mi, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

"Òórùn ẹja sàn ju òórùn òkú lọ, Bàbá."

Bàbá ní kó bọ́ épírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó jáde. Fumino fúnra rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀.

Kinue lépa Fumino dé ilé rẹ̀ ní Otsu. Ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ohùn Fumino ti inú yàrá jáde: "Ẹ sọ fún un pé mi ò sí nílé."

"Mo ti gbọ́ pé ẹ ò sí nílé, mà," ni Kinue dáhùn. "Màá dúró dè yín."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó tún padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì àti elégédé. Lọ́tẹ̀ yìí, Fumino jáde sí i.

"Ẹ ń sọ pé oúnjẹ ò lè wò ó, ẹ sì tún ń gbé oúnjẹ wá. Èwo ni ká gbà?"

"Ẹ jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ lè lágbára fún ọ̀bẹ."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà, mà. Oúnjẹ ọwọ́ mi ló mú kẹ́ ẹ jókòó láìlọ sílé ìwòsàn látọjọ́ yìí."

Wọ́n jọ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gé ọmú náà kúrò pátápátá. Oògùn líle tó tẹ̀ lé e gbọn irun orí rẹ̀ dànù, ó sì lé oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kinue ń se ìrẹsì di ògì, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó sì ń rìn sókè sódò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé àwọn nọ́ọ̀sì ní kó lọ sùn. Fumino yè é. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n láàárín àwa tí à ń se oúnjẹ ẹ̀mí gígùn, orúkọ Kinue bàjẹ́. Wọ́n ní ó ta olùkọ́ rẹ̀ fún àwọn dókítà. Ó ṣí ilé oúnjẹ ní Matsumoto, èrò wọ́ tọ̀ ọ́, ó sì tì í pa. Ó ṣí òmíràn ní Kanazawa, ó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó fẹ́ káfíńtà kan ní Kochi, àmọ́ ọkùnrin náà ní ìyàwó lòun ń wá, òun ò wá ọkọ̀ ojú irin.

Nísinsìnyí, inú ọkọ̀ kékeré kan ló ti ń dáná. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń ta oúnjẹ ọ̀sán lẹ́bàá èbúté àti ilé ìwé. Ó kọ ọ́ sára ọkọ̀ náà pé: OÚNJẸ NI. KÌ Í ṢE OÒGÙN.

Mo bá a lọ sí Shimane nígbà tí ewé ń pupa lọ́dún tó kọjá. Bàbá arúgbó kan tiro wá, ó ní ṣé òótọ́ ni pé ìrẹsì pupa máa ń wo orúnkún.

"Bàbá, orúnkún yín ti rìn jìnnà ni," Kinue sọ fún un. "Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹun."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo òkun. Kó tó dé ìdajì abọ́, Kinue ti ń ká àwọn àga tó kù sínú ọkọ̀.