Ọkọ Mi Obìnrin

Mo jowú ọkọ mi. Kì í ṣe èyí tí mò ń se oúnjẹ fún lálaalẹ́ ni mò ń wí o. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni.

Ọmọ Yorùbá yóò ti mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé ọkọ ẹni kí a tó wọlé, ọkọ ni wọ́n, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé n'Ìwó, ọmọ kékeré tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni ọkọ mi yìí. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, nítorí náà mo sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é títí ó fi jáde ilé-ìwé gíga, títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, títí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Màídúgùrì níbí, tó sì di pé ilé wa ní Bulabulin ni yóò máa gbé títí yóò fi rí ilé tirẹ̀.

Ọjọ́ tó dé, oòrùn ń jó ni bí iná. Bí mo ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ napep lẹ́nu ọ̀nà ni mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn gbígbóná.

"Eyínmẹ́nugún, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn!"

Aládùúgbò wa, obìnrin Kànúrí kan, dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń wò wá. Ó fi Hausa bi ọmọbìnrin mi pé ta ni àlejò yẹn. Ọmọ mi, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, dá a lóhùn pé, "Mama ta ce mijinta ce." Ìyá ní ọkọ òun ni. Obìnrin náà fi ìbòrí bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní irú ọkọ wo ló ń wé gèlè?

Ọkọ mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fà mí lápá sókè.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Ẹ jù mí lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń bọ́ mi tí mo bá wá lo họ́lídé. Orúkọ mi ni kí ẹ máa pè. Èmi ò fara mọ́ gbogbo èyí."

Bàbá àwọn ọmọ mi, tí í ṣe ọlọ́pàá, dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, inú rẹ̀ ń dùn. "Àbúrò mi ti lajú o!" ló ń wí. Ó wí i fún aládùúgbò, ó wí i fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó wí i ní bárékè. Wọ́n ń yìn ín pé kò gba ìkúnlẹ̀. Ta ló yìn mí rí, èmi tí mo ti ń kúnlẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti délé wọn?

Ohun tí kò yé ọkọ mi obìnrin ni pé orúnkún yẹn, ìní mi ni. Nílé ọkọ mi, ìyàwó tó mọ èèyàn kí, òun ni wọ́n máa ń bi pé kí lo rí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo fi dẹni tí ìyá ọkọ mi ń pè kó tó pe ọmọ tó bí. Bí a bá wá gbà á lọ́wọ́ mi, kí la fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Ó rọrùn fún ẹni tó jókòó láti ní kí ẹni tó kúnlẹ̀ dìde. Àga dà?

Láti ọjọ́ náà ni àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ní obìnrin kan ń ṣe bí ọkùnrin, ọkọ mi yìí á ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, pé ta ló ní ọkùnrin nìkan ló láyà? Bí mo bá pe ara mi ní ìyàwó ọlọ́pàá, á ní rárá o, kí n máa sọ pé tíṣà ni èmi náà. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, mò ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi tí ogun lé kúrò lábúlé wọn. Àwọn ọmọ kámpù ni gbogbo àwa tíṣà ń pè wọ́n. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Anti, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ṣé kámpù ló bí wọn ni?"

Inú bí mi débi pé mo ń bu ọbẹ̀ sáwo títí ó fi kún dànù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, mo fi orúkọ abúlé rẹ̀ pè é, mo ní kí ọmọ ibẹ̀ dìde kó kàwé fún wa. Ó gbé orí sókè, ó wò mí. Kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ mi jàre, ohun tó sì bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Ká ní ó jẹ̀bi ni, ǹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ara ìbá sì tù mí. Ẹni tó ń jàre nínú ilé ẹni lójoojúmọ́, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fẹ́ràn rẹ̀?

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan kí n má baà gbàgbé. Láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti wà lẹ́yìn mi ni mo ti ń fẹ́ padà sílé-ìwé. NCE ni mo ní. Àwọn ọmọdé tíṣà tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ṣọ́ọ̀kì dání lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ débi iṣẹ́ ti gba dìgírì, wọ́n ti di ọ̀gá mi, àwọn ló wá ń ní kí n lọ bá àwọn pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Mo sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ní, "A óò rí i." Mo tún sọ ọ́, ó tún ní a óò rí i. Èmi náà ń retí ọjọ́ tí a óò rí i. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ ní gbogbo ayé mi tó tó èyí.

Ó sì wá di pé ọkọ mi obìnrin ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé àwo yín." Mo rò pé ilé máa gbiná. Ọkùnrin yìí dìde, ó gbé àwo tó fi jẹun, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ sí kíṣìnnì bí ẹrù òfin. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo já àwo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Aṣọ yín á dọ̀tí."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe nǹkan kan. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíì ló ní kó gbé e.

Èyí tó dùn mí jù ni àríyànjiyàn wọn. Ìrọ̀lẹ́ Màídúgùrì dùn tí oòrùn bá ti wọ̀. Bí bàbá àwọn ọmọ mi bá ti kírun Màgáríbì dé, abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nínú ọgbà ni yóò jókòó sí, àbúrò rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ṣé obìnrin lè ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá níbi tí ìbọn ti ń dún? Ṣé ó yẹ kí ọmọkùnrin máa fọ aṣọ arábìnrin rẹ̀? Ọkùnrin yìí á pariwo, á lu àga, á rẹ́rìn-ín, á sì gbà pé òun pàdánù. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì tí màá máa gbọ́ wọn, ẹ̀wà ti jóná lójú mi rí. Kò bá mi jiyàn rí. Èmi, ó máa ń pàṣẹ fún mi ni, tàbí kó ní, "Ó ti dáa, ṣe é bó o ṣe fẹ́."

Mo dán an wò. Mo lọ ra gèlè tí ó rí bí ti ọkọ mi obìnrin ní Monday Market, mo wé e, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi lábẹ́ igi. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn obìnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́. Mo ní, "Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí. "Ṣé ara ẹ ò yá ni?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn ni ọ̀rọ̀ ilé-ìwé wá jáde. Àwa mẹ́ta la wà lábẹ́ igi. A ti jẹ masa onírẹsì tán, mò ń bó ọsàn fún wọn. Ọkọ mi obìnrin kàn là á bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, yunifásítì wa ń gba àwọn tíṣà tó fẹ́ ṣe dìgírì wíkẹ́ńdì. Kí ló dé tí Anti ò lọ?"

Ó mu ọsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tu kóró. "Òótọ́ lo sọ o. Mi ò tiẹ̀ rò ó débẹ̀ rí. Kò burú, ó lè lọ."

Ó tán. Nǹkan tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi wà lẹ́yìn mi, kò tó mímu ọsàn kan tó fi parí. Èmi tí mo jókòó láàárín wọn ni wọ́n ń wí pé ó lè lọ.

Ó yẹ kí n fò fáyọ̀. Owú ni ó gbé mi dìde. Mo sọ ọ̀bẹ sínú àwo, ó dún gbàǹgàn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni bàbá àwọn ọmọ mi wí. "Inú ẹ ò dùn ni? Dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ."

"Mi ò dúpẹ́! Ẹ̀yin ni mo ti ń bẹ̀ lọ́rọ̀ yìí. Ẹ ní a óò rí i. Òun sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sì rí i."

"Ìgbà wo lo bẹ̀ mí?"

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá màá rí irọ́ níbẹ̀. Mi ò rí i. Kò rántí ni. Ká ní irọ́ ló pa, ìbá sàn fún mi, nítorí ẹni tó ń purọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ná.

"Wọ́n bẹ̀ yín, Bọ̀ọ̀dá," ni ọkọ mi obìnrin wí. "Lọ́jọ́ tí a lọ wo ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà ní Fori, ẹ̀yìn mọ́tò ni mo wà. Wọ́n sọ ọ́ fún yín. Ńṣe lẹ yí rédíò sókè."

Ó tún jàre. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dì mọ́ ọn tàbí kí n gbá a létí. Nínú gbogbo ilé mi, òun nìkan ló gbọ́ mi.

"Anti," ó ní, "ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún wọn báyìí. Mi ò ní dá sí i." Ó sì gbójú kúrò lọ́dọ̀ wa.

Bàbá àwọn ọmọ mi yí àga rẹ̀ kọjú sí mi. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ ṣe dáadáa. "Ó dáa, mò ń gbọ́. Kí lo fẹ́?"

Òórùn ọsàn wà lọ́wọ́ mi. Mi ò kúnlẹ̀. Mo dúró, mo sì rọra sọ ọ́ kó lè yé e yékéyéké.

"Mo fẹ́ padà sílé-ìwé. Èmi ni mo fẹ́ ẹ."

Ó lanu láti dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bojú wo ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ná.