Géèjì Méjì, Irọ́ Kan

Ríwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Obìnrin ni, ọkọ̀ àtijọ́ ló sì fẹ́ràn jù. Ó lè tún àwọn tí kọ̀ǹpútà ń bá sọ̀rọ̀ ṣe o, àmọ́ èyí tí abẹ́rẹ́ ń mì nínú géèjì rẹ̀, tí wáyà rẹ̀ ti gbó, tí ẹni tó tún un ṣe ṣáájú sì ti fi ọ̀rá dì bí ẹni di ọgbẹ́, ìyẹn gan-an ni tirẹ̀. Ó ní àṣà kan tó máa ń sú àwọn oníbàárà: kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí yóò fi bi ọlọ́kọ̀ ní gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà ti ṣe, títí kan èyí tí kò jọ pé ó kàn án. Àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ó ń gbẹ́jọ́ bí adájọ́. Kí wọ́n máa wí. Ṣebí àwọn náà ló ń pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Dírẹ́bà ni bàbá, inú ọkọ̀ náà ló sì ti kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ fíúsì. Ẹ̀gbọ́n Ríwáyà ọkùnrin, kápẹ́ńtà, ló wà á wá, ojú rẹ̀ le koko. Ó ní epo ti tán mọ́ bàbá lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, orí afárá ni, àwọn ọmọ òun sì wà nínú ọkọ̀. Díẹ̀ ló kù kí tírélà gorí wọn. Bàbá takú pé géèjì ní epo dé ìdajì.

Ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò òun yẹ̀ ẹ́ wò. Bí géèjì bá dára, ojú bàbá tàbí ọpọlọ bàbá ló ti ń kọṣẹ́, bàbá ò sì ní wa ọkọ̀ mọ́ láé.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fìlà lé orúnkún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ bu omi mu, ó pe ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Bó bá jẹ́ èmi ni, sọ fún mi. Má tìtorí pé mo jẹ́ bàbá ẹ parọ́."

Ríwáyà wọṣẹ́. Ó yọ wáyà lára ohun tó ń wọn epo nínú tánkì, ó fi kan ara irin ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ gòkè bó ṣe yẹ. Ó dá wáyà padà, abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí epo wà gan-an. Ohun gbogbo ń sọ òtítọ́. Kò wo apá ibi tí bẹ́ǹṣì wà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó rántí pé gbogbo oníbàárà lòun máa ń bi léèrè, òun ò sì bi bàbá òun ní nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ló ṣe é, kò fẹ́ kó dà bíi pé òun náà ń fẹ̀sùn kàn án. Àánú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá.

Ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bi í pé kí ni ọkọ̀ tún máa ń ṣe.

Bàbá ní géèjì ooru náà máa ń gòkè, òun á dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Mẹkáníìkì kan fọwọ́ kàn án, ó ní kò gbóná. Látìgbà náà lòun ò ti sọ ọ́ mọ́, kí wọ́n má baà fi kún ẹ̀sùn òun. Ẹ̀gbọ́n, tó ti padà dé, mi orí. Ṣé wọ́n rí i báyìí? Ooru tí kò sí náà, bàbá ń rí i.

"Ṣé àwọn méjèèjì jọ máa ń gòkè ni, bàbá?"

"Wọ́n jọ máa ń gòkè ni. Bí mo bá ti kó sí kòtò báyìí."

Abẹ́rẹ́ kan lè dá irọ́ pa. Bí méjì bá pa irọ́ kan náà, ẹnì kan ló kọ́ wọn. Ríwáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àpótí kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dín agbára bátìrì kù kó tó pín in fún géèjì méjèèjì. Nọ́ọ̀tì tó so ó mọ́ irin ọkọ̀ ti dípẹtà, ó sì ti dẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n, àpótí á jáwọ́ lára irin, agbára bátìrì á sì ya lu géèjì ní odindi. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sítòsí, ó sì fi ìka kan ti àpótí náà. Abẹ́rẹ́ méjèèjì dìde díẹ̀díẹ̀. Ti epo fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ó forí lé ìdajì.

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ sáńpépà tó fi ń họ igi, ó nà án sí àbúrò rẹ̀ kó fi ha ìpẹtà náà. Lẹ́yìn náà ló lọ bá bàbá, ó ní kó dárí ji òun. Bàbá ní ọmọ tí kò bá bẹ̀rù nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ òun.

Nígbà tí nọ́ọ̀tì ti le dáadáa, bàbá dé fìlà. Orí rẹ̀ wú, kò sì fi pa mọ́. Kò lọ síbi ìjókòó dírẹ́bà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ṣí, ó ní kí ọmọ òun obìnrin wọlé. Ríwáyà kọ̀, ó ní aṣọ iṣẹ́ òun dọ̀tí, àti pé bàbá ẹni kì í ṣílẹ̀kùn fún ọmọ.

"Mo ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi tí mi ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe," bàbá wí. "Tìẹ, ojú mi ló ṣe. Wọlé."

Ó wọlé tòun ti gíríìsì lọ́wọ́, bàbá sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.