Bíárìn Méjì Nílé Àna

Ó ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí ìwé ìròyìn, ó fi í sáàárín abẹ òkè àti abẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀, ó wá fi ìka kan ṣoṣo ti àgbá abẹ náà síwájú. Kò mí. Lọ́wọ́ òsì, bébà náà já pẹ́, ó bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Láàárín, ó já. Lọ́wọ́ ọ̀tún, abẹ kàn lá a díẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ti yó, ó sì jẹ́ kó máa lọ.

"O ò ní rí mi pa," ló sọ fún ẹ̀rọ náà.

Onígbàjámọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò gé irun ẹnikẹ́ni rí. Koríko ló ń gé. Pápá tẹ́níìsì ẹgbẹ́ eléré kan ló wà níkàáwọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí irun tirẹ̀ ṣì dúdú, ẹ̀rọ tó sì fi ń gé e ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn eléré ibẹ̀ lọ. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í. Abẹ mélòó kan ló lọ́ yí àgbá irin ká. Bí táyà bá ti ń yí, àgbá náà á máa yí, abẹ á máa gbá koríko lọ bá abẹ ìsàlẹ̀, wọn á sì gé e láàárín ara wọn bíi sísọ́ọ̀sì. Ìlà tó máa ń fà sórí pápá tọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn eléré mìíràn fi ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kò ní kí wọ́n bọ́ ọ. Kò sì ní kí wọ́n má bọ́ ọ.

Láìpẹ́ yìí ni koríko bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya dípò kó gé. Orí rẹ̀ di rúsúrúsú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá dúró létí pápá, ó fi ẹnu bàtà tú koríko wò.

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ti ṣe tirẹ̀."

"Ó ṣì ń ṣe é lọ́wọ́ ni."

"Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje. Tí pápá bá ṣì rí báyìí láàárọ̀ Sátidé, n ó ní kí àwọn tó ń kó irin àlòkù wá gbé e. A ó ra èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì."

Akọ̀wé kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló bí Onígbàjámọ̀ nínú.

Ó ti ẹ̀rọ lọ sílé, ó wá ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó ní irú ẹ̀rọ yẹn máa ń kọ́kọ́ ṣe: ó fún abẹ ìsàlẹ̀ le lápá ọ̀tún. Bébà já lápá ọ̀tún, ó kọ̀ lápá òsì. Ó fún apá òsì le. Àgbá náà há, kò yí mọ́. Ó tú u. Ó tún fún un. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi aṣọ nu ife, ó ń wò ó.

"Olówó orí mi," ló wí, "ètè lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ẹ̀rọ yẹn ni. Ó ní ibi tó ń dun òun kọ́ lẹ ń wọ́."

Nígbà tí obìnrin náà wọlé, Onígbàjámọ̀ di ọ̀pá àárín àgbá náà mú, ó mì ín sókè sódò. Kọ̀, kọ̀. Bíárìn ni. Ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó yọ wọ́n: òrùka irin méjì tó kún fún ọta wẹ́wẹ́, tí ó yẹ kí ọ̀pá máa yí nínú wọn wọ́ọ́rọ́. Àwọn ọta náà ti rí bí eyín arúgbó. Òmíràn ń mì, òmíràn ti jẹ, òmíràn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́.

Ó di òpópónà àwọn tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ẹ̀rọ. Ó-Wà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tí Onígbàjámọ̀ wọ ìsọ̀ rẹ̀, nítorí kò tíì sọ fún oníbàárà kankan rí pé ohun kan ò sí.

"Ó wà!" ló wí kí Onígbàjámọ̀ tó tú bíárìn náà sílẹ̀ nínú áńkáṣíìfù. Ó ri orí bọ inú àpótí, ó mú ọ̀kan jáde.

"Èyí tóbi."

"Á wọlé. Ṣé kò sí òòlù nílé yín ni?"

"Mo ní òòlù. Mi ò ní ẹ̀rọ méjì."

Ó-Wà tún ri orí bọ àpótí mìíràn.

"Èyí kéré."

"Ẹ wé rọ́bà mọ́ ọn lára."

Onígbàjámọ̀ wò ó títí ojú fi ti rọ́bà náà. Ó-Wà jókòó lé àpótí, ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ yín ti kú. Àwọn ọmọ wọn náà ti fẹ̀yìn tì. Àfi tí ẹ bá mọ ẹni tó ní ìkejì rẹ̀."

Onígbàjámọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ayé rẹ̀, tó fún ọkọ àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onígbàjámọ̀ gbé tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ nígbà tó gba iṣẹ́. Ìkejì wà nílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá obìnrin náà, ẹ̀rọ ọ̀hún kò tọ́ koríko wò rí. Wọ́n kùn ún ní pupa, ó dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìrọ̀gbọ̀kú, ìkòkò òdòdó sì wà lórí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti tọrọ rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n bi í léèrè bóyá òun ti wá tọrọ àbúrò òun padà lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Lójú ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ rò ó. Ẹ̀rọ tí kò gé koríko, kí ló fẹ́ fi bíárìn ṣe? Méjì á jáde, méjì á wọlé. Iye tó wà níbẹ̀ lánàá náà ló máa wà níbẹ̀ lọ́la. Ta ló ń pe ìyẹn lólè? Nígbà tó délé, ó ti dá ara rẹ̀ láre pátápátá, ó kù kó wá ẹni tó máa bá a purọ́. Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́, ó mú fóònù.

"Ìgbà wo ni kí n pè é?"

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó kan ìlẹ̀kùn àna rẹ̀. Agolo ọ́ìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi táwẹ́lì wé àwọn sípánà, bíárìn tó ti jẹ sì wà lápò ṣòkòtò.

"Ẹ káàsán o, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ káàsán, àna wa àtàtà. Kí lẹ wá gbà?"

"Mo ní kí n yà kí yín ni."

"Ẹ ti kí mi. Kí ló kù?"

"Ẹ̀rọ yín yẹn ti ń dógùn-ún lábẹ́. Mo ní kí n fi ọ́ìlì pa á lára, kó má ba ilẹ̀ yín jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n wò ó bí ó ṣe máa ń wo oníbàárà tó bá ní aṣọ òun ló súnkì, pé kì í ṣe ikùn òun ló yọ.

"Ẹ pa á," ló wí. Ó wọ́ àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé àyà.

Onígbàjámọ̀ gbé ìkòkò òdòdó kúrò. Ó pa ọ́ìlì sí iwájú, ó pa á sí ẹ̀yìn. Ó nu ibi tó mọ́, ó tún un nù. Òógùn ti ń bọ́ lórí imú rẹ̀ kí fóònù tó dún nínú yàrá.

"Àbúrò mi nìyẹn," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì wọlé.

Kíá, ìdérí ti wà nílẹ̀. Gíríìsì àtijọ́ inú rẹ̀ nípọn bí oyin, àwọn bíárìn náà sì ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wọ́n. Ó yọ ọ̀kan. Ó ń yọ ìkejì lọ́wọ́ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ké nínú yàrá.

"Ó jí i? Nínú ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀? Ojú ò tì í?"

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Onígbàjámọ̀. Ó gbé e, ó ti ìkejì bọ àpò, ó fi àwọn ogbólógbòó rọ́pò, ó dé ìdérí, ó gbé ìkòkò padà. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n máa jáde, táwẹ́lì ló fi ń nu ojú.

"Ẹ ti ṣe é tán?"

"Ó ti ń dán."

"Ó ń dán," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹ̀yin náà ń dán."

Ó bá ìyàwó rẹ̀ nílé tó ń rẹ́rìn-ín tó fẹ́ dákú.

"Irú ìtàn wo lo sọ fún un?" ló bi í.

"Ohun tó sún mọ́ ẹnu mi jù ni."

Ó ti bíárìn wọlé, ó kùn wọ́n ní gíríìsì, ó fi bébà sí i. Ọ̀tún já, àárín já, òsì já. Ó gé gbogbo ojú ewé eré ìdárayá tán kó tó lọ jẹun.

Láàárọ̀ Sátidé, ó ti gé pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀rọ ń lọ geere, ìlà rẹ̀ ń tọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Ó yí padà ní igun, ó rí Ẹ̀gbọ́n tó dúró sórí ìlà funfun pẹ̀lú bàtà ilé.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Ó wò ó.

"Ẹsẹ̀ yìí tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi fẹ̀yìn tì, òun ò fẹ̀yìn tì. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sórí àga mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀, màá na ẹsẹ̀, màá máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yí àgbá ẹ̀rọ yẹn títí oorun á fi gbé mi. Kì í dún. Láti Ọjọ́bọ̀, krà-krà-krà, bí ajá tó ń jẹ egungun. Mi ò tíì sùn."

Onígbàjámọ̀ fi ara dí ẹ̀rọ náà.

"Akọ̀wé yín ò ní pẹ́ dé," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé kí n sọ fún un ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á gbé e lọ."

"Ó dáa. Ẹ kúrò níbẹ̀."

"Níbo?"

"Nídìí ẹ̀rọ. Bíárìn mi ni, àbí tiyín ni?"

Ó bọ́ bàtà ilé rẹ̀, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó sì tì í. Ìlà rẹ̀ kọ́kọ́ tọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó kọjá lórí ìlà mẹ́ta tí Onígbàjámọ̀ ti fà, ó wá ń yí lọ bí ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀. Onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú. Èèyàn lè já nǹkan gbà lọ́wọ́ olè. Ta ló máa já a gbà lọ́wọ́ àna?

Ẹ̀gbọ́n dé òpin pápá, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó jí lójú oorun.

"Kò dún rárá," ló wí. "Ẹ máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, èmi ni n ó máa fa ìlà kan."

"Ọ̀kan péré?"

"Títí ẹsẹ̀ mi á fi ní ó tó."

Akọ̀wé dé. Ó lóṣòó, ó fa koríko kan tu, ó gbé orí rẹ̀ súnmọ́ ojú. Orí koríko náà gé láìfà ya.

"Ó gé," ni akọ̀wé wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín máa bá iṣẹ́ lọ, Bàbá." Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ tó bọ́ sí àárín pápá. "Ta ló wá gé ibí yìí?"

Ẹ̀gbọ́n ti ń wọ bàtà ilé rẹ̀, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń wá òjò.

Onígbàjámọ̀ wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Èmi ni," ló wí.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi náà ni."

Ó gbé táwẹ́lì rẹ̀ lé èjìká, ó yí ẹ̀rọ padà, ó sì ń tì í lọ sí ilé irinṣẹ́. Kò wẹ̀yìn.