Ẹrẹ̀ Tí Wọ́n Fún Ọsàn Wẹ́wẹ́ Sí

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò dùn mọ́ Àǹtí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, nínú rárá. Mò ń fọ ẹrẹ̀ òkun ní yunifásítì, mò ń ṣa àwọn ìkarahun inú rẹ̀ tí kò tóbi ju hóró iyanrìn lọ, mo sì ń fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò wọ́n. Irú ìkarahun tí a bá bá nínú ẹrẹ̀ ló ń jẹ́ ká mọ ibi tí òkun ga dé láyé àtijọ́. "Obìnrin tó kàwé tó báyìí, ẹrẹ̀ ló ń fọ̀!" Iwájú àwọn oníbàárà wọn ní ọjà Tudu ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, wọn ò sì ṣàwàdà.

Ìgbà tí wọ́n ra ilẹ̀ létí ọ̀sà, lọ́nà Tẹ́mà, ni ọ̀rọ̀ wa dìjà. Mo ní òkun ti gba ibẹ̀ rí, ó sì tún lè padà wá gbà á. Wọ́n ní ìlara ló ń pa mí. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí n ri páìpù mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí n fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde, kí ìkarahun lè ṣe ẹlẹ́rìí mi.

Omi ẹ̀rọ ò yọ níbi iṣẹ́ wa lọ́sẹ̀ náà. Mo gbé ẹrẹ̀ náà wá sílé tí èmi àti Àǹtí jọ ń gbé, mo fi asẹ́ fọ gbogbo rẹ̀, mo sì gbé èyí tó ṣẹ́kù sínú abọ́ kan lẹ́yìnkùlé kó lè gbẹ. Nígbà tí mo ti ọjà dé, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló pàdé mi.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kan abọ́ mi?"

"Ó ń rùn paa, bí ẹja tó jẹrà. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. O ò tiẹ̀ lè kí mi kú iṣẹ́?"

"Ẹ ti bà á jẹ́ kóráà!"

Bí a ṣe ń pa òórùn ẹja nílé wa nìyẹn, ṣùgbọ́n omi ọsàn kíkan ń jẹ ìkarahun run. Iyanrìn lásán ni mo rí nínú awò. Ẹni tí kò bá mọ̀ á búra pé òkun ò débẹ̀ rí.

"Ṣé o rí ìkarahun àbí o ò rí i?"

"Mi ò rí i. Ọsàn yín ló—"

"Ó parí nìyẹn."

Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún páìpù rì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní dá ihò sí ilẹ̀ àwọn mọ́, wọ́n sì pe ọkọ̀ tó da iyẹ̀pẹ̀ pupa bò ó. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn má mọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó máa fi àìmọ̀ yangàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀, kí áfáà tó ṣàdúà, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ nǹkan sí i létí. Áfáà gbọ́wọ́ sókè: "Ọlọ́hun, má jẹ́ kí òkun dé ilé yìí o."

Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Àǹtí ṣe tiwọn, wọ́n ń wojú mi. Mo wojú wọn padà, mi ò ṣe àmín.