Tíì Tí Kò Rí Iná

Níbi iṣẹ́, Ìyá Omi-Híhó ni wọ́n ń pè é. A kì í sì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń se ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí àwọn dókítà ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó gbé aago ògiri kan fún un pé ó dìgbóṣe. Lójú tirẹ̀, omi méjì péré ló wà láyé: omi tó ti hó, àti omi tó fẹ́ pààyàn. Ife tí wọ́n fi mu omi lásán, omi híhó ló ń fi fọ̀ ọ́.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ó gbé kẹ́tùlù kaná láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ jókòó, ó sì gbàgbé. Èéfín ló pe àwọn ará ilé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo dé, òṣìṣẹ́ báǹkì tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó wo ògiri ilé ìdáná tó ti dúdú.

"Màmá, mi ò fẹ́ bá yín jà. Mo fún yín lóṣù kan. Bí nǹkan míì bá tún jóná, ẹ ó kó ẹrù yín wá sọ́dọ̀ mi."

"Ọ̀dọ̀ rẹ níbo? Yàrá tẹ́ ẹ̀ ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí?"

"Yàrá yẹn náà ni. A ó kó aṣọ kúrò níbẹ̀."

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ o. Àmọ́ inú ilé yìí lòun àti ọkọ rẹ̀ ti gbé, ibẹ̀ lọkọ kú sí, ìkòkò efinrin méjì tó wà lójú fèrèsé, ọkọ ló gbìn wọ́n. Tó bá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ dáadáa, á sì di àlejò títí ọjọ́ ikú. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà á gan-an.

Aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu sọ̀rọ̀, ló gbé mátíṣà wọlé. Ewé tíì tí wọ́n lọ̀ kúnná bí àtíkè ni, ó láwọ̀ ewé yọ̀yọ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan ló fi ta á lọ́rẹ.

"Wọ́n ní èso, mílíìkì àti yìnyín ni wọ́n ń fi mu ún, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Ìyá Omi-Híhó se omi, ó hó dáadáa, ó dà á lé e lórí. Ohun tó jáde korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ojú aránṣọ fún pọ̀.

"Ìyá, omi híhó ló bà á jẹ́. Omi tútù ló fẹ́. Ẹ lo ti inú ìgò, wọ́n ti sẹ́ ẹ."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sẹ́ ẹ?"

Ó ní òun gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: òun á se omi náà, òun á sì jẹ́ kó tutù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé kẹ́tùlù tuntun kaná, ó lọ bó máńgòrò lójú fèrèsé, ó ń rò ó bóyá efinrin á bá a mu. Ìrònú efinrin di ìrònú ọkọ. Nígbà tí imú rẹ̀ máa fi gbọ́ òórùn, ìdí kẹ́tùlù ti lu. Ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó fi ìró lé èéfín jáde, ó wé kẹ́tùlù sínú ìwé ìròyìn, ó sì tì í sẹ́yìn korobá lábẹ́ síńkì. Ẹnikẹ́ni ò rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Láti ọjọ́ yẹn, kò tan iná mọ́. Ó ra omi inú ìgò, ó gbàdúrà sí i, ó mu ún. Kò kú. Ó wá fara balẹ̀ kọ́ tíì náà. Á fi asẹ́ jọ ṣíbí ìyẹ̀fun kan kó má baà dì ní kókó, á dà á sínú ìgò onídèérí pẹ̀lú omi tútù díẹ̀, á sì mì ín títí apá á fi máa ro ó. Á gún máńgòrò pẹ̀lú ewé efinrin mẹ́ta. Bó bá di márùn-ún, àgbo nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló kan yìnyín, mílíìkì, kí tíì tó wá lé e lókè. Gbogbo rẹ̀ ló kọ sínú ìwé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, torí kò fọkàn tán orí ara rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀pẹ òyìnbó ba mílíìkì rẹ̀ jẹ́, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ gàdàgbà: "Ọ̀pẹ òyìnbó, RÁRÁ."

Lọ́jọ́ tí oṣù pé, ọmọ dé. Ó wo ògiri, ó wo sítóòfù, ó ń gbóòórùn kiri bí ajá ọdẹ. Ìyá gbé ife kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọ mu ún, ó tún mu ún.

"Màmá, ta ló kọ́ yín?"

"Aránṣọ ló mú un wá. Ìwé ara kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló ń rán mi létí."

Ọmọ ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín títí. "Ó dáa. Nǹkan kan ò jó. Ẹ dúró sílé yín, Màmá."

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, lẹ́yìn korobá ló sì wà. Níbi iṣẹ́ tí Ìyá ṣe, bí ọ̀bẹ bá bọ́ sílẹ̀ tẹ́nì kankan ò rí i, ìwọ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ rí i, wàá sì dá a padà sínú omi híhó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò gbé ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ fún dókítà kankan rí. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń fi ṣíbí wá máńgòrò nísàlẹ̀ ife. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ síńkì, ó tú ìwé ìròyìn, ó sì gbé kẹ́tùlù sórí tábìlì.

"Èyí jó. Ó di ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí."

Ọmọ ki ìka bọ ihò tó wà nídìí kẹ́tùlù náà. "Ẹ ò bá má sọ fún mi. Mi ò bá má mọ̀."

"Èmi mọ̀." Ìyá ká ìwé ìròyìn náà. "Ṣé kí n lọ kó ẹrù mi?"

"Látìgbà yẹn ńkọ́? Kí lẹ̀ ń jẹ?"

"Mi ò tan iná. Aránṣọ ló ń se oúnjẹ wa, èmi ni mò ń ṣe tíì."

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún láìse omi? Ẹ̀yin?"

"Èmi náà ni."

Ọmọ dìde. Ó lọ sídìí sítóòfù, ó tú rọ́bà gáàsì kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé sílíńdà kékeré náà lé èjìká, aṣọ funfun tó wọ̀ ò tiẹ̀ jọ ọ́ lójú.

"Eléyìí ló ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ mi, Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ṣe ife míì sílẹ̀ dè mí ní Sátidé."

Ìyá dúró títí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tán lórí àtẹ̀gùn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó kó ife méjèèjì lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó fi omi tútù fọ̀ wọ́n, ó sì dà wọ́n dé kí wọ́n gbẹ.