Oògùn Tí Wọ́n Dà Nù Lẹ́yìn Ìdúpẹ́

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo fi í síbí, ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá mọ ilé wa má baà máa wá a kiri. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí nígbà tó wà láyé, mi ò sì ní pè é nísinsìnyí tó ti lọ. Ìwà rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó ń bẹ̀ mí pé kí n gbàgbé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí tirẹ̀ nìkan ni mo ṣe mú kálámù. Obìnrin mìíràn wà tó yẹ kí wọ́n ti yìn kó tó kú, tí ẹnikẹ́ni ò yìn. Ìyá tó ni ilé tí a háyà ní Ṣógúnlé ni. Opó ni, ọmọ Ẹ̀gbá, ọkọ rẹ̀ ti bá rélùwéè ṣiṣẹ́ kó tó kú. Ó ga, ó dúdú, ó ń sin pẹ́pẹ́yẹ sẹ́yìnkùlé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ tuntun lọ. Gbogbo wa là ń pè é ní Ìyá Onílé.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú bí àgbàrá ni mo bí àkọ́bí mi. Ọkọ mi ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọ̀nà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ akóyanrìn ń gba ọ̀nà Apákun tó wà nítòsí wa kọjá, eruku rẹ̀ a sì bà sórí aṣọ ọmọ tí mo bá sá. Ìjọba fi kún owó oṣù, gbogbo èèyàn ń ra nǹkan. Ẹni tí kò ní àga tó dára ra amóhùnmáwòrán. Ọkọ mi ra rẹ́díò-gíráámù kan tó gùn bíi pósí, ó gbé e sí ibi tó yẹ kí ibùsùn ọmọ wà. Inú gbogbo ayé ń dùn. Tèmi nìkan ni kò dùn, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí. Mo kàwé ju ọkọ mi lọ, ohun kan tí ẹbí rẹ̀ ò dárí rẹ̀ jì mí nìyẹn. Síbẹ̀ mi ò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ohun tó ń ṣe mí. Ọmọ á máa sunkún lórí ẹsẹ̀ mi, màá sì máa gbọ́ igbe náà bí ẹni pé láti ilé kejì ló ti ń wá. Oúnjẹ di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ti ìlú wọn lọ́nà Ọ̀ṣun wá láti bá wa wẹ ọmọ, wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi, níbi tí gbogbo ayálégbé ti ń pọnmi, ó ní, "Abísínwín ni. Ẹ bá wa máa ṣọ́ ọmọ o."

Ohun tó fi kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí orúkọ yẹn ń ṣe fún abiyamọ. Wèrè ìbímọ. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèyàn, omi ò lè wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan. Dókítà náà ò gbójú sókè wò mí títí ó fi kọ̀wé tán. Ó fún mi ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, hóró kéékèèké aláwọ̀ pupa, ó ní kí n máa lò ó. Kò sọ fún mi pé oògùn náà yóò kọ́kọ́ fìyà jẹ mí kó tó ràn mí lọ́wọ́. Kò sì sọ bí èèyàn ṣe ń fi í sílẹ̀. Mo bá tirẹ̀ náà wí níhìn-ín.

Ẹnu mi gbẹ débi pé ahọ́n mi ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bí mo bá dìde lójijì, ilẹ̀ á yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ìwé tí mo fẹ́ kà ń ṣe bàìbàì lójú mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bíi ti arúgbó, ìgbẹ́ sì kọ̀, kò jáde. Ìyá Onílé rí mi tí mò ń mu omi ṣáá. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó bó ọsàn fún mi, ó gbé ìbẹ́pẹ tó pọ́n sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ó ní, "Ìyàwó, jẹ ẹ́. O ti ń pẹ́ jù ní ṣáláńgá mi. Àwọn èèyàn ń dúró níta, wọ́n ń jó láìsí ìlù."

Ọsàn àti ìbẹ́pẹ yẹn ni mo fi fara dà á, títí oògùn náà fi ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ o. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ́pẹ́yẹ kan fi ẹnu fa ìtẹ́dìí ọmọ já lórí okùn, ó ń wọ́ ọ lọ nínú ẹrẹ̀ bí ìyàwó tó wọ aṣọ gígùn, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sáré jáde nígbà tó gbọ́ ẹ̀rín mi. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ń dúpẹ́. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ayọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn.

Àfi bó ṣe jẹ́ pé ayọ̀ yẹn ló bà mí jẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó gbogbo wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣòdì láti lọ dúpẹ́. A jó dé iwájú pẹpẹ, àlùfáà gbàdúrà sí mi lórí. Bí a ṣe délé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú oògùn mi lórí tábìlì, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá.

Mo pariwo. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé.

"Ìyàwó, a ti dúpẹ́. Ẹni tó ti dúpẹ́ ìwòsàn kì í tọ́jú oògùn àìsàn sílé. Ṣé o fẹ́ ké sí i padà ni?"

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu rẹ́díò-gíráámù rẹ̀. "Àǹtí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe," ló wí.

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń rò ó nígbà náà, ọ̀pọ̀ ṣì ń rò ó bẹ́ẹ̀ títí di òní: oògùn kì í ṣe oúnjẹ, ọjọ́ tí ara bá ti yá ni ká sọ ọ́ nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún oògùn ibà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ti ọkàn. Ara tó ti fara ti nǹkan fún oṣù mélòó kan, bí a bá fa nǹkan náà yọ lójijì, ó di dandan kó ṣubú.

Kò pẹ́ tí mo fi ṣubú. Èébì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Òógùn tẹ̀ lé e, òógùn tútù tí ń rin aṣọ mi gbingbin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti mú ilẹ̀ tutù. Orí ń fọ́ mi. Bí mo bá yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún, nǹkan á gbọ̀n jìgì nínú orí mi bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn. Oorun lọ, bó bá sì yọ́ wá, àlá burúkú ló ń gbé wá. Mi ò lè jókòó síbì kan. Mò ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mò ń sunkún láìsí ẹni tó nà mí. Mo mọ̀ pé ara mi ló ń béèrè ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni màá sọ fún? Àwọn ayálégbé dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wò mí.

Ìyá Onílé gbá iwájú orí mi mú bí mo ṣe ń bì sínú gọ́tà. Ó yíjú sí wọn. "Kí lẹ ń wò? Ẹ ò rí ẹni tó ń bì rí? Ẹni tó bá wù kó wá bì, àyè wà."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kùn pé wèrè ni.

"Wèrè," Ìyá Onílé dáhùn. "Wèrè tó fọ ìtẹ́dìí ọmọ láàárọ̀, tó sá a, tó se fídà ọmọ lórí iná. Kí Ọlọ́run fi irú wèrè bẹ́ẹ̀ jíǹkí gbogbo ìyàwó ilé yìí, kí ilé mi lè mọ́."

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti pinnu tirẹ̀. Àìsàn ti padà, ó ní, ọmọ ò sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀. Yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn nílé, bí ara mi bá yá, kí n máa wá wò ó. Mo mọ àwọn ìyàwó tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọmọ wọn dàgbà tán, ó ń pe ìyá bàbá rẹ̀ ní màmá, ó ń pe ìyá tó bí i ní àǹtí. Ọmọ mi ò tíì hu eyín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ ọmọ tó ti dì jáde. Takisí ń dúró lójú títì. Ó gbé ọmọ mi pọ̀n. Mo dì mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ọkọ mi wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun á sin wọ́n dé ìdí ọkọ̀.

Ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo ni ilé náà ní. Ìyá Onílé ti jókòó síbẹ̀ lórí ilẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri kan, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ títí wọ́n fi kan ògiri kejì. Ó ń ṣa ọkà pẹ́pẹ́yẹ nínú àwo.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ọmọ ilé," ló wí. "Ṣé ìrìn-àjò ni?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọjá."

"Ta ló bí ọmọ tí ẹ pọ̀n yẹn?"

"Àwa la ni ín."

"Mi ò béèrè ẹni tó ni ín. Mo ní ta ló bí i?"

"Màmá, takisí ń dúró."

"Ẹ kọjá nígbà náà. Mo ha dì yín mú? Ẹ gbé ẹsẹ̀, kí ẹ dá ẹsẹ̀ mi kọjá."

Ẹnikẹ́ni ò mira. Nínú gbogbo àwa tó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí wọn ò gbá ní àbàrá rí ní kékeré nítorí pé ó fẹ́ dá àgbàlagbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó lè da oògùn olóògùn nù, tó lè fa ọmọ gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ opó kan. Ìwà tó kọ́ nílé ló dè é mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Dírẹ́bà takisí fọn fèrè títí ó fi sú u, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Oòrùn ń gòkè. Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ, ó figbe ta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé e jó, ó fì í, ó kọrin fún un, ọmọ ò gbọ́.

"Ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀," Ìyá Onílé wí.

"Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe ń gbọ̀n ni? Á fi omi gbígbóná jó ọmọ!"

"Ẹ jẹ́ kó po mílíìkì ọmọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́."

Mo pò ó. Níṣojú gbogbo wọn ni mo ti bu mílíìkì náà pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó dà sílẹ̀, mo tún un bù. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n mi. Mo da omi sí i, mo mì í, mo kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó gbóná jù. Mo dúró kó tutù, bí ọmọ tilẹ̀ ń ké, tí gbogbo ojú wà lára mi. Lẹ́yìn náà ni mo tó jókòó, mo sì na ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sún mọ́ mi. Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà fún mi. Ọmọ mu, ó sùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ìyá Onílé tó ká ẹsẹ̀ kò, ó ní eékún òun ti kú.

Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn, ní Ìsọlọ̀. Èyí gbójú sókè. Ó ní àìsàn náà kọ́ ló padà, oògùn tí wọ́n já gbà lójijì ló fà á. Ó dá mi padà sórí rẹ̀. Nígbà tí ara mi balẹ̀ dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sì fún mi ní àyè kí ara mi gba ìwọ̀n kan kó tó tún dín òmíràn. Ọ̀pọ̀ oṣù ló gbà wá. Bó bá ti dín in, ìgbọ̀nrìrì kékeré á dé, àlá á dé, Ìyá Onílé á sì gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi. "Ó tún dé?" á wí. "Jẹ́ kó jókòó. Àlejò ni, á lọ." A óò jọ máa ṣa ẹ̀wà títí yóò fi lọ. Mo ti bá àwọn ọ̀mọ̀wé gbé, mo sì ti gbọ́ ìwàásù lọ́pọ̀lọpọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ bí a ti ń jókòó ti èèyàn bíi tirẹ̀. Kò ṣàánú mi rí. Ó bọ̀wọ̀ fún mi ni.

A kó lọ sí Ìsọlọ̀ nígbẹ̀yìn, ọmọ mi sì dàgbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wá, ó ń jẹun, ó ń lọ. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà rí. Ọdún gorí ọdún kí Ìyá Onílé tó kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀, mo rí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó dá nìkan dúró lẹ́bàá sàréè, òun tí ẹnikẹ́ni ò pè, pẹ̀lú eruku ọ̀nà jíjìn lára gèlè rẹ̀. Inú bí mi. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, mo bi í pé kí ló wá ṣe níbẹ̀. Kò yíjú sí mi.

"Ìwọ kọ́ ni mo wá bẹ̀ o, ìyàwó," ló wí. "Òun ni mo wá bẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí n di ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ. Ìwọ, máa bínú lọ; ó tọ́ sí ọ."